Ṣé ọmọ ọdún 26 lè díje fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Àbúrò tó béèrè láti Abẹ́òkúta, ọjọ́ orí rẹ ti tó. Òfin tí Ààrẹ Buhari bọwọ́ lù ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2018 sọ ọ́ di 25 dípò 30, fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ àti ilé aṣojú-ṣòfin l'Ábújá. Ti ààrẹ di 35. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, kí o sì ti kàwé dé ìwé mẹ́wàá, ó kéré tán.

Má wulẹ̀ dúró de ìbò o. Ní 1947, orí owó orí lásán ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn ìyá wa l'Ẹ́gbàá ti bẹ̀rẹ̀ ìjà wọn pẹ̀lú Aláké, ọba Ẹ̀gbá. Nígbà tó fi di oṣù Kìíní 1949, Aláké ti fi ipò sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ẹ̀yin náà lè bẹ̀rẹ̀ láti orí nǹkan kékeré. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 gbé ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, bí gọ́tà Ìtòkú bá dí, tí omi aró àwọn aláàdìrẹ ń ṣàn gba ojú títì, ẹ kó ara yín jọ, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ sì mú un lọ bá kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí.