Ìbéèrè Yín Lórí Ìtàn Inú Géèmù: Kí Ni Akọni Yín Ń Wá?

Lẹ́tà mẹ́ta la mú lára àwọn tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ìyẹn bí a ṣe ń kọ ẹ̀dá ìtàn àti ìtàn sínú irú géèmù tí wọ́n ń pè ní RPG, níbi tí ẹni tó ń gbá géèmù ti máa ń gbé ìgbésí ayé ẹ̀dá ìtàn kan wọ̀, tí yóò máa rin ìlú àti igbó, tí yóò máa bá èèyàn sọ̀rọ̀, tí yóò sì máa jà. Àwọn tó kọ̀wé sí wa kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ géèmù. Alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn, lórí RPG Maker, ohun èlò láti Japan tó jẹ́ kí ẹni tí kò mọ kóòdù kọ lè tẹ ìlú dó sórí kọ̀ǹpútà, kó fi èèyàn síbẹ̀, kó sì kọ ohun tí wọn yóò sọ.

Ìbéèrè: Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń ṣe géèmù kan lórí RPG Maker MV, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀dà RPG Maker. Ìtàn ọmọ ọba kan tó ń jẹ́ Adéwálé ni, tí wọ́n pa bàbá rẹ̀, tó sì fẹ́ gba ìtẹ́ padà. Onígboyà ni, olóòótọ́ ni, gbogbo ìlú ló fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti kọ ìtàn ìlú náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ó tó ojú ìwé 60, mo sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣe ìbẹ̀rẹ̀ géèmù. Mo fún àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta gbá, kò sì sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó dé ibi ìjà àkọ́kọ́. Ṣé kí n pa ìtàn náà tì ni? (Òǹkàwé kan, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ẹ má pa á tì. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe kò ṣòfò, àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ géèmù lẹ nílò ojú ìwé 60 yẹn, kì í ṣe ẹni tí yóò gbá a. Ẹ wo àpótí ọ̀rọ̀ tó máa ń yọ nísàlẹ̀ géèmù nínú MV: ìlà 4 péré ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó ń gbá a sì gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì kí ìlà mìíràn tó jáde. Bí ojú ìwé yín kọ̀ọ̀kan bá ní ìlà 30, ìlà 1,800 ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn ni pé ó kéré tán, ìgbà 450 lẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín tẹ bọ́tìnnì kó tó rìn ní ìṣísẹ̀ kan. Kò sí ẹni tí kò ní sú.

Àwọn àgbà tó ń pàlọ́ fún wa mọ ọ̀ràn yìí dáadáa. Kí wọ́n tó sọ ohunkóhun, wọ́n ti kígbe pé "Ààlọ́ o!", àwa náà sì ti dáhùn pé "Ààlọ̀!" Ìtàn kì í tíì jìnnà tí orin fi ń dé, àwa ọmọdé la sì máa ń gbè é, débi pé bí a kò bá gbè, ńṣe ló dà bíi pé Ìjàpá kò ní lè dé ibi tó ń lọ. Lójú tèmi, ìtàn inú géèmù sún mọ́ àlọ́ ju bó ṣe sún mọ́ ìwé ìtàn àròsọ lọ, nítorí pé ẹni tó ń gbá a gbọ́dọ̀ ní ipa tirẹ̀ nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ yín kò rí orin kankan gbè.

Ohun kejì ni Adéwálé fúnra rẹ̀. "Onígboyà, olóòótọ́, ẹni tí gbogbo ìlú fẹ́ràn": oríkì lèyí, kò tíì sọ fún wa irú èèyàn tó jẹ́. Ẹ bi ara yín léèrè pé ní àárọ̀ ọjọ́ tí géèmù yìí bẹ̀rẹ̀, kí ni Adéwálé ń wá? Mi ò béèrè ohun tí yóò wá lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá o. Ìtẹ́ ti tóbi jù fún àárọ̀ ọjọ́ kan. Nínú géèmù To the Moon, tí Kan Gao fi RPG Maker XP, ẹ̀dà mìíràn, ṣe, tó sì jáde ní 2011, bàbá arúgbó kan wà lórí àìsàn, ohun kan ṣoṣo ló sì fẹ́ kó tó kú: kó dé orí òṣùpá. Òun alára kò mọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ. Àwọn dókítà méjì wọnú ìrántí rẹ̀, wọ́n ń ti ìgbà ogbó rẹ̀ padà sí ìgbà èwe láti wá ìdí náà, ẹni tó ń gbá géèmù sì ń bá wọn wá a. Ìjà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú rẹ̀, wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún sì tó láti parí rẹ̀; ìbéèrè kan péré tí ó sọ̀ kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ló gbé e dé òpin.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀nà kan hàn yín tí ẹ lè gbà bẹ̀rẹ̀ géèmù tiyín, kí ẹ sì tún un ṣe bó bá ṣe wù yín. Ojú mọ́ láàfin. Ìyá Adéwálé gbé igbá omi lé e lọ́wọ́, ó ní kó gbé e lọ fún bàbá rẹ̀. Igbá náà wọ inú àpò, ẹni tó ń gbá géèmù sì gba àgbàlá kọjá. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní, "Kábíyèsí ń sùn." Ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ìyá ní kó tún lọ. Nígbà tó dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ṣọ́ mìíràn ló bá lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀. Kò ju àpótí ọ̀rọ̀ mẹ́fà lọ, síbẹ̀ ẹni tó ń gbá a ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibi ikú ọba. Àyípadà ẹ̀ṣọ́ yẹn kò le: ohun tí RPG Maker ń pè ní switch lẹ óò lò, tó dà bí ohun tí a fi ń tan iná, tí ẹ̀ṣọ́ kìíní máa ń wà níbẹ̀ nígbà tó bá wà ní pípa, tí èkejì sì máa ń gba ipò rẹ̀ tí ẹ bá tàn án.

Ẹ má gba igbá náà padà lọ́wọ́ rẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kó wà nínú àpò rẹ̀ jálẹ̀ géèmù. Ẹ kọ 0 síbi iye owó rẹ̀, ọlọ́jà kankan kò sì ní lè rà á. Nígbàkígbà tí Adéwálé bá fẹ́ ta ẹrù, "Igbá Omi Bàbá" yóò wà láàárín egbòogi àti ẹrù mìíràn, àwọ̀ rẹ̀ yóò ti ṣá, kò sì ní ṣeé tà. Ẹ kò ní láti kọ gbólóhùn kan nípa ìbànújẹ́ rẹ̀ mọ́. Ní ti ojú ìwé 60 yín, ẹ máa bù ú díẹ̀díẹ̀: ìlà kan lẹ́nu arúgbó tó ń hun agbọ̀n, ìlà kan lára ògiri ojúbọ, òmíràn nínú ọ̀rọ̀ ọmọdé tó ṣì í gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ sí i yóò fúnra rẹ̀ wá a kiri.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sí, Yorùbá la sì fẹ́ kí gbogbo èèyàn inú géèmù wa máa sọ. Èèyàn márùn-ún ló ń bá akọni wa, ọmọbìnrin ọdẹ kan, rìn: jagunjagun àgbà tó ń jẹ́ Ògúndélé, oníṣègùn, akọrin, olè, àti tafàtafà. Ẹ̀gbọ́n mi ní tí a bá bo orúkọ wọn mọ́lẹ̀, èèyàn kò ní mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àmì ohùn kì í jáde dáadáa. (Òǹkàwé kan, Lọ́ńdọ̀nù)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n yín sọ, ìdánwò tó dáa ló sì fún yín. Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ ṣàkíyèsí pé iṣẹ́ ọwọ́ nìkan lẹ fún àwọn márààrún. A ti ní irú ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ nínú lítíréṣọ̀ wa tipẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan géèmù kọ̀ǹpútà. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938, Àkàrà-ògùn kò dá lọ sí Òkè Láǹgbòdó: Kàkó alágbára wà níbẹ̀, Ìmọ̀dóye ọlọ́gbọ́n wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Olóhùn-iyọ̀ tó ń kọrin, Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ tó gbọ́ èdè ẹranko, àti Ẹfọ́ìyẹ tafàtafà. Ẹ̀bùn tí oníkálukú ní yàtọ̀ gédégédé, àmọ́ Kàkó ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Nígbà tó fẹ́ gbéra, obìnrin tó fẹ́ fi ṣaya dì mọ́ ọn pé kò níí lọ, Kàkó sì pa á. Agbára tó mú kó wúlò lójú ọ̀nà náà ni agbára tó fi ṣe ohun burúkú yẹn. Ibi kan náà ni ẹ̀bùn rẹ̀ àti àléébù rẹ̀ ti ṣàn wá, a kò sì lè fẹ́ ọ̀kan kí á kọ èkejì.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn márààrún yín. Bí oníṣègùn yín bá lè wo ọgbẹ́ gbogbo sàn, kí ló ná an kó tó mọ ewé wọ̀nyẹn, ta ni kò sì rí wò sàn rí? Bí olè bá lè ṣí ilẹ̀kùn gbogbo, ìlú wo ni kò lè wọ̀ mọ́? Ìdáhùn náà á jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí kálukú kò ní fẹ́ ṣe, ibi tí ẹnìkan bá sì ti kọ̀ ni ìtàn ti ń gbóná.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu, èdè tí ẹ yàn ti fún yín ní irinṣẹ́ tí ẹni tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ géèmù kò ní: "o" àti "ẹ". Ògúndélé ju ọmọbìnrin ọdẹ yín lọ lọ́jọ́ orí, nítorí náà, láti ìlú àkọ́kọ́, kó máa bá a sọ̀rọ̀ bí àgbà ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀: "Wá síbí. Mú ọfà rẹ. Má wẹ̀yìn." Kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ tí ọmọbìnrin yìí bá fa Ògúndélé fúnra rẹ̀ yọ nínú odò, kí ẹ má ṣe jẹ́ kó dúpẹ́ púpọ̀. Kó gbọn omi ara rẹ̀ dànù, kó yà fún un lójú ọ̀nà, kó sì sọ pé: "Ẹ máa lọ níwájú." Gbogbo Yorùbá tó bá ń gbá géèmù yẹn ni yóò dákẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ bọ́tìnnì. Bẹ́ẹ̀ náà ni olè yín lè jẹ́ ẹni tó ń fi "o" bá ọba sọ̀rọ̀, kí akọrin sì jẹ́ ẹni tó ń kí oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bó ṣe yẹ kí á kí i: ọlọ́jà, "Ajé á wọ igbá o", onídìrí, "Ojú gbooro o", adẹ́mu, "Igbà á rọ̀ o." Ẹ bo orúkọ wọn mọ́lẹ̀ wàyí, ẹ óò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn dun èmi náà, nítorí pé iṣẹ́ tó dáa ti bàjẹ́ lójú mi nítorí rẹ̀. Ohun tó fà á ni pé lẹ́tà bíi "ẹ́" àti "ọ̀" kò ní ààyè ẹyọ kan tiwọn nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀; lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wà, àmì ohùn á wá tẹ̀ lé e lọ́tọ̀. "É" àti "à" ní ààyè tiwọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jáde tí àwọn yòókù kì í jáde. MV sì máa ń ya ọ̀rọ̀ inú àpótí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà àmì ohùn lè já kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀, pàápàá bí fọ́ńtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí géèmù fi ń kọ̀wé, kò bá mọ̀ ọ́n. Kí ẹ tó kọ ìtàn kankan sí i mọ́, ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo tó ní "ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀, ṣ, ń" nínú, ẹ gbé e sínú àpótí, kí ẹ sì máa dán fọ́ńtì tí wọ́n ṣe fún èdè Áfíríkà wò títí ẹ óò fi rí èyí tó gbé e dáadáa. Bí èyí kò bá yanjú rẹ̀, ẹ wá ẹni tó mọ JavaScript, èdè kóòdù tí MV ń lò, kó bá yín tún ibi tó ń ya lẹ́tà ṣe. Ẹ má torí ìnira yìí yọ àmì ohùn kúrò. "Ọkọ́", "ọkọ̀" àti "ọkọ" ń bẹ nínú ìtàn ọdẹ yín, ẹni tó ń gbá géèmù kò sì gbọ́dọ̀ máa wá ọkọ níbi tí ọkọ̀ bá wà.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ kí géèmù mi ní òpin mẹ́wàá, kó lè jẹ́ pé ohun tí ẹni tó ń gbá a bá yàn ni yóò rí. Mo ti kọ méjì, ó sì ti rẹ̀ mí. Kí ni kí n ṣe? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ dín in kù. Bí ẹ bá béèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nígbà mẹ́ta péré, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń ya ìtàn sọ́tọ̀, òpin 8 ti délẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó di 16. Ẹnìkan ṣoṣo kò lè kọ gbogbo rẹ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá gbá a ni kò sì ní rí ju ẹyọ kan lọ.

Ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn gbà pé ìpinnu òun já mọ́ nǹkan ni pé kí àwọn ará ibẹ̀ rántí rẹ̀. Géèmù Undertale, tí Toby Fox gbé jáde ní 2015, jẹ́ kí ẹni tó ń gbá a lè dá ẹ̀mí gbogbo ọ̀tá tó bá pàdé sí dípò kó pa wọ́n, géèmù náà kì í sì í gbàgbé èyí tó ṣe. Ẹ yan ìpinnu kan ṣoṣo nínú ìtàn yín, kó jẹ́ èyí tó dunni láti ṣe. Ká ní akọni yín já ìyá oníyán kan jù sílẹ̀ ní ìlú kìíní kó lè tètè lọ, ẹ jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní títì nígbà tó bá padà, kí ọmọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ní ìlú kẹta, kí orúkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu ẹni tí wọn yóò jọ jà kẹ́yìn. Òpin méjì tí ẹ ti kọ yẹn tó fún èyí.

Bí ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ fún ẹnìkan tí kò mọ ìtàn náà gbá, kí ẹ jókòó sẹ́yìn rẹ̀ láì sọ̀rọ̀, kí ẹ sì mú bírò dání. Ẹ máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ibi tó bá ti ń tẹ bọ́tìnnì léraléra láì kàwé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ lẹ óò gé. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dúró, ẹ má fọwọ́ kàn án.