Káàdì mi kò gbà níwájú ìyá ìjọ wa

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí wa. Ẹni ọdún 38 ni mí, Thamesmead ní London ni mo ń gbé pẹ̀lú àwọn ìbejì mi, iṣẹ́ kíà, ìyẹn iṣẹ́ ìtọ́jú èèyàn, ni mò ń ṣe, wọ́n sì ń fi Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba, díẹ̀ kún un fún mi. Nígbà tí bàbá wa kú ní Ìbàdàn, credit card mẹ́ta ni mo fi ṣe òkú náà, mo tún kó sínú overdraft, ìyẹn owó tí báǹkì ń jẹ́ kéèyàn ná ju èyí tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, apá mi ò ká a mọ́. Oṣù kẹjọ rèé tí mo ti gba Debt Relief Order, àṣẹ tó ń dá àwọn tí mo jẹ ní gbèsè dúró fún ọdún kan, kí wọ́n tó fagi lé gbèsè náà. Àkáǹtì tí mo ní báyìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní basic account. Ní Sátidé tó kọjá, mo ra epo £20 sínú ọkọ̀, mo yà ra oúnjẹ £31. Ẹ̀rọ kọ káàdì mi lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ó dá mi lójú pé owó wà níbẹ̀. Ìyá ìjọ wa kan ló tò sẹ́yìn mi. Mo fi ọjà sílẹ̀, mo sá jáde. Obìnrin kan ládùúgbò ti ní òun á yá mi ní £500, kí n dá £650 padà lóṣù tó ń bọ̀, kí káàdì mi sì wà lọ́wọ́ òun títí màá fi san án tán. Màmá mi ń retí £100 tí mo máa ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, wọn ò tíì mọ nǹkan kan. Ṣé kí n gba owó obìnrin yìí? Ojú ń tì mí, Àǹtí. Èmi ni àbúrò yín, Ìyá Ìbejì."

Ìyá Ìbejì, àbúrò mi, o kú àfẹ́kù Bàbá. Kí n tó sọ ohunkóhun: má gba £500 yẹn, má sì fi káàdì rẹ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Màá padà sórí ẹ̀. Ọjà tí o fi sílẹ̀ lórí kánńtà ló kọ́kọ́ dùn mí.

Mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Nígbà tí èmi náà ń lo irú àkáǹtì yìí, ìrẹsì, ẹyin àti mílíìkì ni mo gbé síwájú ọmọbìnrin kan tó ń gba owó. Ẹ̀rọ ké, ó kọ̀. Ọmọ náà rọra ní kí n tún un ṣe. Ó tún kọ̀. Títí di òní, mo rántí èékánná ọmọ yẹn, ó fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún, torí mi ò lè gbé ojú mi kọjá ọwọ́ rẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ rìn délé lọ́jọ́ náà, mo jẹ́ kí bọ́ọ̀sì méjì kọjá, kí n má baà pàdé ẹni tó rí mi. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín, ọ̀rọ̀ yẹn sì ń dún létí mi bí agogo. Ó tó ọ̀pọ̀ oṣù kí n tó gbà pé kò kàn mí. Ẹni tó jalè ni kí ọ̀rọ̀ ẹ̀sín bá. Èmi kàn fẹ́ ra ẹyin ni.

Ní tìrẹ, o tiẹ̀ ní owó náà. Ohun tí mo rò pé ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Bí èèyàn bá fi káàdì sanwó lára ẹ̀rọ epo fúnra rẹ̀, tí kò wọlé lọ san án, ẹ̀rọ yẹn kò mọ iye epo tó fẹ́ rà. Yóò kọ́kọ́ béèrè bíi £100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ báǹkì. Bí owó tó wà níbẹ̀ kò bá tó bẹ́ẹ̀, ó lè di gbogbo rẹ̀ mú. O ra £20, àmọ́ wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ gbogbo èyí tó kù, títí ilé epo yóò fi fi iye gidi ránṣẹ́. Nígbà mìíràn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, nígbà mìíràn ó ń di ọjọ́ kejì. Ẹni tó ní overdraft kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àwa tí àkáǹtì wa kò ní ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ ni yóò mọ̀, ìdí kánńtà ni a ó sì ti mọ̀. Láti òní lọ, tí o bá ti ra epo tán, wọlé lọ sanwó lọ́wọ́ ẹni tó jókòó. Iye tí o rà gan-an ni yóò yọ. Hòtẹ́ẹ̀lì àti àwọn tó ń fi ọkọ̀ háyà náà máa ń di owó mú báyìí.

Ìyá ìjọ yẹn ńkọ́? Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ fún wọn pé ilé epo di owó rẹ mú. Òótọ́ ni. Bí wọn ò bá bi ọ́, kí wọn, kí o jókòó síbi tí o máa ń jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ àkáǹtì náà wá kàn. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn wa ń pè é ní àkáǹtì òtòṣì, ó sì máa ń bí mi nínú. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní Britain ní 2015, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016, ló ní kí àwọn báǹkì ńláńlá máa ṣí i fún ẹni tó ń gbé ibẹ̀ lábẹ́ òfin tí kò rí àkáǹtì mìíràn gbà. Wọn kò gbọ́dọ̀ gba owó lórí rẹ̀ lóṣooṣù. Bí Direct Debit, ìyẹn owó tí ilé iṣẹ́ kan máa ń fúnra rẹ̀ yọ nínú àkáǹtì rẹ, bá wá tí kò bá owó, báǹkì kò gbọ́dọ̀ bu ìtanràn lé e. O lè gba owó lẹ́nu ATM, o lè fi káàdì rẹ̀ rajà, owó iṣẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Ohun pàtàkì tí kò ní ṣe ni pé kò ní yá ọ lówó. Rántí àkáǹtì àtijọ́. Òun kò ní kọ̀ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, bẹ́ẹ̀ ni! Yóò jẹ́ kí £31 kọjá wẹ́rẹ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba èlé lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ báǹkì ń gba nǹkan bíi 40% lọ́dún lórí overdraft báyìí. Èyí tó ń sọ fún ọ pé kò sí, nígbà tí kò bá sí, òun ló ń bá ọ sọ òótọ́. Ṣe-bí-o-ti-mọ ni mo sọ tèmi.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí wọn kì í ṣàlàyé dáadáa. Báǹkì kò ní gba ìtanràn, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ fóònù tàbí ti iná tí owó rẹ̀ kò wọlé lè gba tiwọn, wọ́n sì lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé o kò san. Ọjọ́ ni kí o bá jà níbẹ̀. Ìwé pélébé kan wà lẹ́nu fíríìjì mi nígbà yẹn: mo kọ ọjọ́ tí owó iṣẹ́ ń wọlé sókè, mo kọ gbogbo Direct Debit sísàlẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ wọn. Bí mo ṣe kọ ọ́ tán ni mo rí i pé mẹ́ta nínú wọn ń wá nígbà tó kù ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí owó wọlé. Ṣáájú ìgbà yẹn, mo ti rò pé ọ̀bàyéjẹ́ ni mí, tí mi ò mọ owó ná. Ìpè fóònù mẹ́ta ni mo fi sún gbogbo wọn sí ọjọ́ kejì tí owó bá ti wọlé, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣe bẹ́ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí owó ti wà nínú àkáǹtì, torí àárọ̀ kùtùkùtù ni Direct Debit máa ń dé.

Ó wá kan obìnrin £500 yìí. Ọkàn mi kò balẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ka ibi tó wà nínú lẹ́tà rẹ. Àwọn Òṣómàáló ìgbà ayé àwọn bàbá wa, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, òṣòó ni wọ́n máa ń ló lẹ́nu ilẹ̀kùn ajigbèsè títí owó wọn yóò fi jáde. Ṣùgbọ́n aṣọ wà lára ẹni tó jẹ wọ́n. Èyí fẹ́ gba káàdì rẹ, kó jẹ́ pé lọ́jọ́ tí owó iṣẹ́ rẹ bá wọlé, òun ni yóò kọ́kọ́ dé ẹnu ATM. Kí ni àwọn ìbejì yóò jẹ lọ́jọ́ kejì? £150 lórí £500, láàárín oṣù kan! Òfin Britain kò gbà kí credit union, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ń yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lówó, gba ju 3% lọ lóṣù. Lórí £500, £15 nìyẹn. Ẹni tó ń yáni lówó gba èlé láìní àṣẹ FCA, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn tó ń yáni lówó ní Britain, ń rú òfin. Ẹni tó yá a lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣẹ̀. Bó bá ti fún ọ ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀, tàbí tó bá ń halẹ̀, pe àwọn Stop Loan Sharks. Iṣẹ́ wọn nìyẹn ní England. Má gbàgbé pé títí Debt Relief Order rẹ yóò fi parí, o kò gbọ́dọ̀ yá £500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsọ fún ẹni tó fẹ́ yá ọ pé o wà nínú rẹ̀. Má jẹ́ kí obìnrin yìí kó ọ sí wàhálà tí o ti fẹ́ jáde kúrò nínú rẹ̀.

Àwọn ará ìlé lè sọ pé kí o da àjọ. Mo fẹ́ràn àjọ, òun ló san owó ilé ìwé mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ kó àjọ, gbèsè ló kó yẹn, nítorí náà má bá wọn du ìpín àkọ́kọ́, kí o sì sọ fún ẹni tó bá ọ ṣètò Debt Relief Order kí owó ńlá kankan tó bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Níwọ̀n bí o ti ń ṣiṣẹ́ tí o sì ń gba Universal Credit, wádìí Help to Save, ètò ìfowópamọ́ tí ìjọba ṣe. £1 títí dé £50 lo lè fi síbẹ̀ lóṣù kan, ìjọba yóò sì fi 50p kún £1 kọ̀ọ̀kan, títí dé £1,200 láàárín ọdún 4. Bó jẹ́ £5 lo rí fi síbẹ̀, fi síbẹ̀.

Ìwé gbèsè rẹ (credit report), èyí tí àwọn tó ń yáni lówó máa ń wò, yóò gbé Debt Relief Order yẹn fún ọdún 6, má wulẹ̀ sáré wá credit card kankan báyìí. Forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ọmọ Commonwealth ni wá, ẹni tó ní ìwé ìgbélùú nínú wa lẹ́tọ̀ọ́ sí i, àwọn tó ń yáni lówó sì máa ń wò ó láti mọ̀ pé ibi tí a ní a ń gbé la ń gbé lóòótọ́.

Màmá ló kù. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi tèmi pa mọ́ fún màmá mi. Mo ń yá owó kí n lè fi ránṣẹ́ sí wọn, àwọn sì ń fi owó náà ra aṣọ fún mi kí n lè rí nǹkan wọ̀ tí mo bá délé. Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́, orí àtẹ̀gùn ni mo jókòó sí, mo ti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé kí n má baà sunkún. Mo kà á tán. Wọ́n dákẹ́. Mo ń gbọ́ adìyẹ tó ń ké lẹ́yìn wọn. Wọ́n wá ní, "Ṣé o ti jẹun lónìí?"

Pè wọ́n lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, kí àwọn ìbejì kọ́kọ́ kí wọn. Sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn, títí kan owó òkú Bàbá. Sọ iye tí agbára rẹ ká lóṣù yìí, bó jẹ́ £20. Oṣù mẹ́rin péré ló kù kí Debt Relief Order yẹn parí, sọ ìyẹn náà fún wọn. Lẹ́yìn náà, jọ̀wọ́ kọ̀wé sí mi padà, mo fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.