Kí ẹ tó di ẹrù lọ sí Jíbíà, ẹ wo fáìlì ọkọ yín

Ìyàwó wa, ẹ kú ìrònú. Ẹ ní wọ́n gbé ọkọ yín tó jẹ́ òṣìṣẹ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù kúrò ní Àpápá lọ sí Jíbíà ní ìpínlẹ̀ Katsina, pé àkọ́bí yín wà ní pírámárì kẹta, ẹ̀yin fúnra yín sì jẹ́ tíṣà ìjọba n'Ìkòròdú. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ kó ẹrù tẹ̀lé e ni àbí kí ẹ dúró. Mo rí i tí ọ̀pọ̀ ń sọ pé ibi tí ọkọ bá wà ni ìyàwó ń gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dì nǹkan kan. Irú iṣẹ́ yẹn ni ọkọ tèmi ṣe títí ó fi kú. Àjọ ìjọba àpapọ̀ mìíràn ni tirẹ̀, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnubodè kan náà ni òun àtàwọn aṣọ́bodè jọ ń dúró sí ní Ìdìrókò, èmi àtàwọn ọmọ sì kó tẹ̀lé e lọ síbẹ̀.

Ohun tí àwọn tó ń gbà yín nímọ̀ràn kò mọ̀ ni pé wọn kì í fi ojúure wo ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́nubodè. Fàyàwọ́ ni ọ̀pọ̀ fi ń jẹun níbẹ̀. Láti 2016 tí ìjọba ti ní kí ìrẹsì òkèèrè má gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ tòkúnbọ̀ kún un ní 2017, gbogbo àpò ìrẹsì tí àwọn òṣìṣẹ́ ẹnubodè bá gbà, owó ilé ìwé ọmọ ẹnì kan ni. Mi ò dá àwọn ará ibẹ̀ lẹ́bi. Ẹni tí bàbá rẹ̀ wà ní Ìdìrókò, tí ìyá rẹ̀ wà ní Ìgólò lódìkejì, tí gbogbo wọn jọ ń sọ Yorùbá, kò rí ìdí tí ìrẹsì fi gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kó tó sọdá títì. Ìgbà tí wọ́n wá ti ẹnubodè pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni nǹkan yí padà pátápátá. Wọ́n ṣí Sèmè ní oṣù kejìlá 2020, ṣùgbọ́n Ìdìrókò, àti Jíbíà tí wọ́n gbé ọkọ yín lọ yìí, oṣù kẹrin 2022 ni wọ́n tó ṣí wọn. Ẹ wo bí ebi ti pẹ́ tó nílé àwọn ènìyàn yẹn. Mo lọ ra ata lọ́jà lọ́jọ́ kan, obìnrin tí mo ti ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́ ti wọn ata sínú ọ̀rá fún mi. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ sí i létí. Ó tú ọ̀rá náà, ó dá ata padà sínú igbá rẹ̀, ó sì fi owó mi lé mi lọ́wọ́. "Kí ọkọ yín lọ gbin tiẹ̀." Kò pariwo, kò sì bú mi. Àwọn tó jókòó tì í ń wo ọjà wọn.

Ti àwọn ọmọ ló dùn mí jù. A ti kọ́ wọn pé bí ẹnikẹ́ni bá béèrè iṣẹ́ bàbá wọn, kí wọ́n ní dírẹ́bà ni. Tíṣà wá ní kí wọ́n ya bàbá wọn lẹ́nu iṣẹ́. Àbígbẹ̀yìn mi ya takisí, ó kùn ún ní yẹ́lò, ó kọ nọ́ńbà sí i lára, ó sì mú un wálé fún bàbá rẹ̀ pé òun gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ọmọ yẹn gbà pé òótọ́ ni. Bàbá rẹ̀ kì í wọ aṣọ iṣẹ́ jáde nílé; inú báàgì ló ń kó o sí, ó di ibi iṣẹ́ kó tó wọ̀ ọ́. Bí a bá lọ síbi àríyá, kò ní jókòó kó kọ ẹ̀yìn sẹ́nu ọ̀nà. Kérésì àti Iléyá, ẹ má retí wọn, torí ìgbà yẹn gan-an ni ìrẹsì ń ya wọlé. Ìyá tó bí ọkọ mi kú, wọ́n ti sin ín kí ibi iṣẹ́ tó yọ̀ǹda ọmọ. Ẹ̀yin tí ọkọ yín ń ti Àpápá wálé lálẹ́, ẹ ò tíì rí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ fún yín. Àwọn onífàyàwọ́ kò ní gbé owó lọ bá ọkọ yín níbi tí ojú ti pọ̀, ẹ̀yin ni wọ́n máa gbé e wá bá. Àpò ìrẹsì kan, kéègì òróró kan, "Ẹ bá wa kí ọ̀gá." Ẹ má gbà á. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọ̀dọ̀ gbà á, ẹ má sì ní kí wọ́n gbé e kalẹ̀ dìgbà tí bàbá bá dé. Bí ẹrù yẹn bá ti wọlé, ọkọ yín ti gbà nìyẹn lójú wọn. Lọ́jọ́ tó bá dá mọ́tò wọn dúró lóru, orúkọ yín ni wọ́n máa dá. Ti ẹbí tún wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù ló gbà pé owó ń ṣàn nílé yín. Ọkọ mi ń san owó ilé ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n, ó ń san owó ilé fún ọmọ ìyá, yàrá méjì sì ni àwa ń gbé. Ẹ pààlà sí i láti ìsinsìnyí.

Ohun tí mo torí rẹ̀ jókòó kọ̀wé gan-an nìyí. Òru ni wọ́n ń lé mọ́tò onífàyàwọ́ kan lójú ọ̀nà Owódé. Àwọn yẹn kì í tan iná. Wọ́n máa ń yọ gbogbo ìjókòó inú mọ́tò kí ìrẹsì lè gbà síbẹ̀, wọn kì í sì í tẹ búréèkì fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló gbá ọkọ mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn kan, mo sáré bá wọn níbẹ̀. Káàdì ìbánigbófò ìlera rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Obìnrin tó wà ní káńtà wò ó, ó ní ilé ìwòsàn l'Ékòó ló fi orúkọ sílẹ̀ sí, pé HMO rẹ̀, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ìbánigbófò ìlera náà, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún àwọn ní kóòdù àṣẹ ìtọ́jú. Lóru! Mo pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo ní kí wọ́n kúkú gba owó lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n san dípọ́sítì, ẹ̀rọ POS wọn kò sì ṣiṣẹ́, ó di kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan lọ kan ilẹ̀kùn onípọ́ọ̀sì nínú ìlú kó jí i. Gbogbo ìgbà yẹn, orí pákó tí wọ́n fi gbé e wá ni ọkọ mi ṣì wà. Dókítà ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń sọ pé, "Màdáàmù, ìlànà ni." Ìlànà wo? Òfin ìlera tí wọ́n ṣe ní 2014 sọ ọ́ gbangba pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wà ní pàjáwìrì, fún ìdí kankan. Owó ìtanràn wà fún un, ẹ̀wọ̀n sì wà fún un. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù yín, ẹ há a sórí, ẹ kà á sí wọn létí bó bá dọ̀la. Ilẹ̀ ti mọ́ kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Kò jí mọ́.

Ẹ̀yìn tí a sin ín tán ni mo wọ ọ́fíìsì kan l'Abuja. Aṣọ ọ̀fọ̀ ṣì wà lọ́rùn mi. Ọkùnrin tó jókòó níbẹ̀ ṣí fáìlì, ó wò mí, ó ní, "Ìwọ kọ́ ni next of kin. Lọ mú ẹni tó ni orúkọ yìí wá." Ẹni tí òṣìṣẹ́ kọ sílẹ̀ pé kí wọ́n kàn sí bí nǹkan bá ṣe òun ni next of kin yẹn, orúkọ bàbá ọkọ mi ló sì wà níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi wọṣẹ́, kò tíì gbéyàwó, orúkọ bàbá rẹ̀ ló kọ síbẹ̀ bí ọ̀pọ̀ àpọ́n ṣe ń ṣe. Bàbá yẹn ti kú kí n tó bí àbígbẹ̀yìn. Mo sọ fún un, ó ní kí n lọ mú ìwé ẹ̀rí ikú bàbá wá. Ta ló ń gba ìwé ẹ̀rí ikú fún arúgbó tó kú sábúlé? A wá ìyẹn títí a fi rí i gbà. Mo padà dé, wọ́n ní orúkọ àárín ọkọ mi nínú fáìlì yàtọ̀ sí ti inú NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, lẹ́tà kan péré ló jábọ́. Kí n lọ ṣe àfídáfíìtì. Mo padà dé, ọ̀gá tó máa buwọ́ lù ú ti lọ sípàdé. Mo tún padà dé, wọ́n ti gbé ọ̀gá náà lọ síbòmíràn, ẹni tuntun sì ní òun fẹ́ wo fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀. Mọ́tò òru ni mo ń wọ̀ o, owó ni mo sì ń san fún ẹni tó ń bá mi wo àwọn ọmọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè kọ gbogbo ohun tí wọ́n ń fẹ́ sójú ìwé kan kó fi lé mi lọ́wọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ ọ́. Ó ṣì ń bí mi nínú di òní.

Òfin fúnra rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Àwọn sójà àti DSS, ọlọ́pàá inú, kò sí nínú òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014, ṣùgbọ́n ọkọ yín wà nínú rẹ̀: ìdá 8 nínú 100 ń kúrò nínú owó oṣù rẹ̀, ìjọba ń fi ìdá 10 sí i, inú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, owó àkáǹtì yẹn di ti àwọn ajogún rẹ̀. Bí kò bá sì kọ ìwé ìhágún sílẹ̀, ẹ ó lọ gba letter of administration, ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún òkú, ní kóòtù gíga. Ìwé ẹ̀rí ikú, oníduró méjì, àkọsílẹ̀ ohun tó ní, ẹ ó bá ìyókù níbẹ̀. Orúkọ next of kin nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di ajogún, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n fi ń lé opó sẹ́yìn. Òfin kan náà ní kí ẹni tó gbani síṣẹ́ ra ìbánigbófò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta owó tó ń gbà lọ́dún. Kò sẹ́ni tó máa pè yín wá gba èyí. Ẹnu opó mìíràn tí a jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ni mo ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu òṣìṣẹ́ kankan nínú gbogbo àwọn tí mo kúnlẹ̀ bẹ̀.

Nítorí náà, kí ọkọ yín tó wọ mọ́tò, ẹ jókòó tì í lálẹ́ kan. Kó lọ fi ojú ara rẹ̀ wo orúkọ tó wà nínú fáìlì rẹ̀, kó má sọ pé òun rántí. Kó wo ti àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì náà, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Kó kọ nọ́ńbà àkáǹtì ọ̀hún tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN fún yín. Kó gba ilé ìwòsàn tó wà nítòsí ibi tuntun sórí ìbánigbófò rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdána nìkan lẹ ṣe, ẹ lọ sí káńsù kẹ́ ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó. Ó máa bínú, ó máa ní ẹ ń ro ikú ro òun. Ọkọ mi fẹ́ràn mi gan-an, kò sì fi ìwé kan hàn mí rí, torí iṣẹ́ yẹn ti mọ́ wọn lára láti máa fi gbogbo nǹkan pamọ́. Ẹ jẹ́ kó bínú.

Lórí pé kí ẹ kó lọ: Jíbíà kọ́. Ẹ̀yin náà ń gbọ́ ìròyìn àwọn agbébọn lágbègbè yẹn. Bí ẹ bá máa lọ rárá, inú ìlú Katsina ni kí ẹ gbé kó máa wá bá yín níbẹ̀, kí ọmọ sì parí táàmù kẹta ná. Wọ́n lè tún gbé e kúrò kí owó ilé ọdún kìíní tó tán. Ẹ má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, torí ìjọba Èkó kò ní bá yín gbé iṣẹ́ tíṣà lọ sí Katsina. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ni mo tì kí n tó lọ sí Ìdìrókò, ẹlòmíràn ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí mo padà dé láìní ọkọ. Owó oṣù yín ni ẹ ó fi jẹun bí tirẹ̀ bá há síbì kan. Ẹ bi í léèrè lónìí, orúkọ ta ló wà nínú fáìlì yẹn? Bó bá ní bàbá òun ni, kó lọ gba fọ́ọ̀mù àtúnṣe, kó sì mú ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ wálé fún yín kó tó lọ.