Má gbé orin ìyá àgbà rẹ sórí ayélujára láì kọ nǹkan kan sílẹ̀

Àbúrò mi tó ń kàwé ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Akúrẹ́, mo ka ìbéèrè rẹ tán. O ní o ti fi fóònù gba orin Ọ̀bítun, orin ìbílẹ̀ àwọn obìnrin Oǹdó, tí ìyá àgbà rẹ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń kọ ní Oǹdó sílẹ̀, o sì fẹ́ gbé e sí YouTube. Ọ̀rẹ́ rẹ wá ní kí o má da ara rẹ láàmú lórí ẹni tó ni orin: ohun tó bá ti dé orí ayélujára, ti gbogbo ayé ni, àwọn kan ń múra àtilọ sí Mars, àwa ń du orin mọ́ ara wa lọ́wọ́. Mi ò gbà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ rárá. Iṣẹ́ sítúdíò ni mo ń ṣe jẹun ní Akúrẹ́, ojú mi sì rí màbo lórí irú orin yìí gan-an.

Èmi àti ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan ní agbègbè Oǹdó la jọ gba orin wọn sílẹ̀. Mo kó irinṣẹ́ mi lọ bá wọn nílé, nítorí orin bẹ́ẹ̀ kì í dùn nínú yàrá tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀. Àgbàlá ló yẹ ẹ́, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń dún nílẹ̀. Ìyá tó ń lé orin ní máìkì tiwọn, àwọn elégbè ní tiwọn, ìlù àti agogo náà ní tiwọn. Nígbà tí mo ṣe é tán, mo gbé e sórí ayélujára pẹ̀lú orúkọ àwọn ìyá náà àti orúkọ ìlú wọn. Ó ṣe díẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé pé ẹlòmíràn ló ni ohùn inú fídíò mi, pé owó ìpolówó tó bá wá lórí rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni náà ni yóò máa lọ. Mo wá ohun tí wọ́n ní mo mú, mo gbọ́ ọ. Orin wa ni. Ẹni náà gé ibi tí ìyá ti ń kí ìlú níbẹ̀rẹ̀ kúrò, ó tẹ kíbọ́ọ̀dù lé e lórí, ó gbé e fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń pín orin fún àwọn ìsọ̀ orin orí ayélujára, ó sì ní àwo tuntun tòun ni. Ìgboro Akúrẹ́ yìí náà lẹni yẹn wà. Òun náà ń ṣe sítúdíò.

Owó tó bọ́ sí i lọ́wọ́ kò lè tó nǹkan kan. Àmọ́ ó yọ orúkọ ìyá tó lé orin kúrò, ó yọ orúkọ ìlú kúrò, ó fi tirẹ̀ síbẹ̀. Àgbàlagbà tó kọ́ orin yẹn lẹ́nu ìyá tó bí wọn, lọ́jọ́ tí ọmọ-ọmọ wọn bá wá a lórí fóònù, kò ní bá orúkọ wọn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, ó ṣì ń dùn mí.

Gbogbo ènìyàn ló ń bú àwọn ọmọ tó ń fi orin sí mẹ́mọ́rì káàdì fún oníbàárà lọ́jà. Ohun tí wọ́n ń ṣe kò dára, mi ò gbè wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń fi orin sí káàdì kì í sọ pé òun ló kọ ọ́. Ẹni tó yẹ kí o bẹ̀rù ni ẹni tó lọ forúkọ sílẹ̀ ṣáájú rẹ. Ẹ̀rọ kan wà ní YouTube tí wọ́n ń pè ní Content ID. Olórin, tàbí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣojú rẹ̀, á fi ohùn orin síbẹ̀, ẹ̀rọ á wá máa fi gbogbo fídíò tí èèyàn bá gbé wọlé wé e. Ẹ̀rọ yìí kò mọ ẹni tó kọrin. Ohun tí wọ́n bá fi sọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Wọn kì í sì í ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Àwọn tó ní orin púpọ̀ àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pín orin ló ń lò ó, nítorí náà olè tó bá gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá á di ohun ìjà mú, ẹni tó ni nǹkan á wà lọ́wọ́ òfo.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, má ṣe sùn lé e. Fi hàn lórí ìkànnì náà pé o kò gbà. Tí o bá ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ 5, YouTube á dá owó orí fídíò náà dúró láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ̀sùn náà kàn ọ́, wọn kò ní san án fún ẹnikẹ́ni títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Ẹni tó ní òun ló ni ín ní ọjọ́ 30 láti fèsì. Tó bá takú, o lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ọjọ́ 7 ló sì ní lórí ìyẹn. Tó bá tún takú, àfi kó kọ̀wé lábẹ́ òfin pé kí wọ́n yọ fídíò náà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí bí wọ́n bá yọ ọ́, ìkìlọ̀ kan wọ orúkọ rẹ nìyẹn, ìkìlọ̀ 3 láàárín ọjọ́ 90 sì lè jẹ́ kí wọ́n ti ìkànnì rẹ pa. Ìwọ náà lè kọ̀wé tako o, àmọ́ wàá fi orúkọ rẹ gan-an àti àdírẹ́sì rẹ sí i, wàá sì gbà pé ó lè pè ọ́ lẹ́jọ́. Láti ìgbà náà, ọjọ́ iṣẹ́ 10 ló ní láti fi hàn pé òun ti gbé ọ lọ sílé ẹjọ́. Ẹni tó mọ̀ pé òun jalè kì í fẹ́ débẹ̀.

Tèmi kò dé ibẹ̀. Nígbà tó takú lẹ́ẹ̀kíní, mo fi hàn wọ́n pé ohùn máìkì kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìyá tó ń lé orin nìkan, elégbè nìkan, agogo nìkan, àti ìkíni tó gé dànù. Ẹni tó da orin tí a ti pò pọ̀ kọ kò lè ní ojúlówó ohùn máìkì kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Mo tún fi ìwé tí èmi àti àwọn ìyá jọ fọwọ́ sí kún un. Ó jáwọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́, nítorí orin ìbílẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Òfin Nàìjíríà lórí ẹ̀tọ́ ẹni tó ni iṣẹ́ ọnà tó wà nílẹ̀ báyìí ni Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023. Orin Ọ̀bítun fúnra rẹ̀, àwọn baba ńlá ló fi sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ní òun ló dá a sílẹ̀. Òfin kà á sí iṣẹ́ àbáláyé, ó sì ní kí ẹni tó bá lò ó níta dárúkọ àwùjọ tó ti wá. Bí ìyá àgbà rẹ ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ̀tọ́ àwọn tó kọ ọ́ nìyẹn: kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà á sílẹ̀ kó sì gbé e síta láìgba àyè lọ́wọ́ wọn, kódà kó jẹ́ ọmọ-ọmọ wọn. Rẹ́kọ́ọ̀dù náà wá ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ tí í máa wà fún ọdún 50, ẹni tó ṣètò gbígbà á sílẹ̀ ló sì sábà máa ń ni ín bí àdéhùn kò bá sọ nǹkan míràn. Ọ̀nà mẹ́ta nìyẹn nínú orin kan ṣoṣo. Tí o kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, lọ́jọ́ tí owó díẹ̀ bá wọlé, àárín ẹbí gan-an ni ìjà ti máa bẹ̀rẹ̀.

O kò nílò kí o forúkọ sílẹ̀ kí ẹ̀tọ́ yìí tó jẹ́ tirẹ. Àmọ́ Nigerian Copyright Commission, àjọ ìjọba tó ń bójú tó òfin yìí, ní ìwé àkọsílẹ̀ tí èèyàn lè fi iṣẹ́ rẹ̀ sí bó bá wù ú, mo sì gbà ọ́ níyànjú kí o ṣe é. Òfin kan náà fún ọ láyè láti kọ̀wé sí ìkànnì tó gbé iṣẹ́ rẹ: wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó gbé e síbẹ̀, bí ẹni náà kò bá sì rí àlàyé ṣe láàárín ọjọ́ 10, kí wọ́n yọ ọ́.

Mi ò fẹ́ fo ọ̀rọ̀ Mars tí ọ̀rẹ́ rẹ fà yọ. Iléèwé rẹ gan-an sún mọ́ ọ̀rọ̀ òfurufú ju bó ṣe rò lọ. FUTA wà lára àwọn tó ṣe NigeriaEduSat-1, sátẹ́láìtì kékeré tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, tí wọ́n bá Japan, Ghana, Mongolia àti Bangladesh ṣe nínú ètò Birds-1. Oṣù kẹfà ọdún 2017 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 gbé e lọ. Ọ̀kan lára iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni kó máa fi orin ránṣẹ́ sílẹ̀ láti òkè lọ́hùn-ún, kí àwọn tó ń fi rédíò ṣeré lè gbọ́ ọ. Nígbà tí Chris Hadfield, arìnrìn-àjò òfurufú ará Kánádà, fi gìtá kọ orin kan tí David Bowie, olórin ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ kọ nínú ibùdó òfurufú ISS ní ọdún 2013, ọdún kan ṣoṣo ni àyè tí wọ́n gbà fún fídíò náà. Nígbà tó pé ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí YouTube. Oṣù kọkànlá ló tó padà, lẹ́yìn tí wọ́n gba àyè tuntun. Ibi tó ti kọrin ga ju ilẹ̀ lọ ní nǹkan bí kìlómítà 400, síbẹ̀ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ orin náà ṣì ní àṣẹ lórí rẹ̀. Àdéhùn àgbáyé ọdún 1967 ní kò sí orílẹ̀-èdè tó lè gba òṣùpá ní tirẹ̀, àmọ́ nǹkan tí o bá gbé lọ sókè, tìrẹ ni. Àwọn tó ń lọ ibẹ̀ kọ ìwé kí wọ́n tó gbéra. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá fẹ́ràn ìrìn-àjò òfurufú, ó yẹ kó gbóríyìn fún ìwé kíkọ.

Ohun tí mo máa ṣe bó bá jẹ́ èmi ni ọ́ rèé. Fáìlì tó wà lórí fóònù rẹ báyìí, má pa á rẹ́, dà á kọ síbòmíràn. Bí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp, fi ránṣẹ́ bíi document, nítorí bí o bá fi í ránṣẹ́ bíi fídíò lásán, á fún un pọ̀ títí dídára rẹ̀ á fi dín kù. Lẹ́yìn náà, lọ sí Oǹdó. Béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá náà bóyá wọ́n fẹ́ kó jáde rárá. Àwọn orin mìíràn wà tí wọn kì í kọ níta, àwọn ló mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ní kí gbogbo ayé máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn náà dára, Creative Commons, ìwé àṣẹ ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè fi sára iṣẹ́ rẹ̀, wà fún irú rẹ̀, o sì lè béèrè nínú rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni tó bá lò ó máa dárúkọ wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ ìpín nínú owó, kọ iye ìpín sílẹ̀.

Fi èdè Oǹdó ka ìwé náà sí wọn létí. Kí ẹni tí kò bá mọ̀wé tẹ̀ka, kí o sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó kọ ìwé náà tó sì kà á fún wọn síbẹ̀, nítorí òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé béèrè rẹ̀. Fún wọn ní ẹ̀dà tiwọn. Tí o bá fẹ́ wo bí tèmi ṣe rí, sọ fún mi, màá yọ orúkọ àwọn ìyá kúrò nínú rẹ̀, màá sì fi ránṣẹ́ sí ọ.