Ẹ ka fíréèmù kí ẹ tó dá ayàwòrán lẹ́bi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè ìdí tí bẹ́líìtì akọni inú kátúùnù fi ń pòórá, tó tún ń padà wá, ẹ má tíì sọ pé ayàwòrán ló gbàgbé. Ẹ dá fídíò náà dúró, kẹ́ ẹ máa sún un síwájú ní fíréèmù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwòrán dídúró kọ̀ọ̀kan tí fídíò ń fi hàn tẹ̀ léra. Bí àṣìṣe náà bá ṣe pẹ́ tó ló máa sọ ibi tó ti wá.

Fíréèmù 24 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan fíìmù, àmọ́ kátúùnù tẹlifíṣọ̀n sábà máa ń fi àwòrán kan gba fíréèmù méjì. Bí bẹ́líìtì bá sọnù fún fíréèmù méjì péré, àwòrán kan ṣoṣo ni wọn ò kùn tán. Bó bá sọnù jálẹ̀ ìran náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwòṣe àwọ̀ tí wọ́n fún àwọn tó ń kun ọ̀dà sí àwòrán ló ní àṣìṣe.

Èyí tó wà láàárín ló gba sùúrù. Láyé ọ̀dà, kí kọ̀ǹpútà tó dé, orí ọ̀rá, ìyẹn ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara, ni wọ́n ń kun àwòrán sí: ara lórí ọ̀kan, orí lórí òmíràn, ẹnu lórí ẹ̀kẹta, wọ́n á wá tò wọ́n léra lábẹ́ kámẹ́rà. Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ kátúùnù Hanna-Barbera fi so táì mọ́ Yogi Bear, béárì inú kátúùnù wọn, lọ́rùn, kí ojú ibi tí orí ti pàdé ara má baà hàn. Ìwé kan ló ń sọ ọ̀rá tó kan fíréèmù kọ̀ọ̀kan. Bí nọ́ńbà kan bá fò nínú rẹ̀, ẹnu á pòórá. Bí wọ́n bá to ọ̀rá sódì, ọwọ́ tó wà lórí tábìlì á bọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Bí ojú ẹnì kan bá ṣàdédé ṣú díẹ̀, iye ọ̀rá tó bò ó ló lé sí i, torí ọ̀rá kì í mọ́ tán. Ọ̀rá òfìfo ló yẹ kí wọ́n fi dí àlàfo, kí iye náà má yí.

Nínú kátúùnù Transformers ti 1984, ara kan náà ni róbọ́ọ̀tì méjì, Skywarp àti Thundercracker, ní: dúdú àti elésè àlùkò ni ti àkọ́kọ́, búlúù ni ti èkejì. Ṣíṣi ọ̀dà mú lásán ti tó láti sọ ọ̀kan di èkejì.

Kọ̀ǹpútà náà kò yọ wá nínú rẹ̀. Ẹ̀yà tí wọ́n pa mọ́ lásìkò iṣẹ́ lè má padà hàn. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe tiyín, ẹ gbé fíréèmù ìkẹyìn ìran kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíréèmù àkọ́kọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ ka bọ́tìnnì, kẹ́ ẹ sì wo ọwọ́ tó di ife mú.