Òjò tó ṣú ò lẹ́nu

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Ọmọ SS3 ni mí, mò ń múra WAEC. Mo kọ ọ́ sínú àròkọ mi pé "The dark clouds predicted rain", ni tíṣà wa bá fi bírò pupa fa ìlà sí i nídìí, wọ́n ní kí n lọ wá ọ̀rọ̀ míì. Mo ṣí díkíṣọ́nárì, mo rí forecast, prophesy, portend, augur, bode, gbogbo ẹ̀ jọra lójú mi. Èwo ni kí n mú nínú ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ìwé. Tíṣà yín ò jẹ̀bi rárá. Kó o tó mú ọ̀kankan, kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun tó ò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́nu. Inú èdè Látìn ni predict ti wá, "sọ ṣáájú" ló túmọ̀ sí, òjò tó ṣú ò sì lẹ́nu tó máa fi sọ̀rọ̀, ó kàn ṣú ni, ìwọ tó o gbójú sókè tó o sáré lọ kó aṣọ lórí okùn lo sọ pé òjò ń bọ̀. "Signalled rain" ni kó o kọ. Portend náà ṣeé lò àmọ́ ó wúwo, nǹkan burúkú ni wọ́n sábà máa ń lò ó fún, ìjì tó fẹ́ ṣí òrùlé ló bá a mu, kì í ṣe òjò tí àgbẹ̀ ń retí.

Àwọn tó lẹ́nu náà ò dọ́gba o. Wòlíì ló ń prophesy, "sáì" ni wọ́n ń pe ìparí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn ni prophecy, c ló wà nínú ìyẹn, "sì" ni wọ́n sì ń pè é, jọ̀ọ́ má pa wọ́n pọ̀, ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i lára pósítà ìsọjí.

Ti forecast ní ìtàn. Lọ́dún 1859 ìjì ri ọkọ̀ Royal Charter létí òkun Wales, èèyàn tó lé ní 400 ló bá a lọ. Robert FitzRoy, ọ̀gá àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ fún ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà kìlọ̀ fún àwọn èbúté, nígbà tó di 1861 ó ń gbé bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí jáde nínú ìwé ìròyìn. Ó ní ohun tóun ń ṣe kì í ṣe prophecy, kì í ṣe prediction, ìṣirò ni, ló bá mú forecast. Lónìí wọ́n ti ń lo forecast àti prediction fún ojú ọjọ́, NiMet tiwa gan-an, àjọ tó ń wo ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, Seasonal Climate Prediction ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n ń gbé jáde lọ́dọọdún.

Augur ni mo fẹ́ràn jù. Àlùfáà ni wọ́n nílùú Róòmù àtijọ́, wọ́n á wo bí ẹyẹ ṣe ń fò kí ìlú tó dáwọ́ lé nǹkan ńlá. Àwa tá à ń sọ pé àjẹ́ ké lánàá ọmọ kú lónìí, ìyẹn ò lè ṣàjèjì sí wa. Augur àti bode, tí wọ́n ń lò fún nǹkan tó jẹ́ àmì ohun tó ń bọ̀, kì í sábà dá rìn, well tàbí ill ló ń tẹ̀ lé wọn, bí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ tó ń bi ara ẹ̀ pé ṣé ẹsẹ̀ ire ni àbí ti ibi. "This bodes well for us": ẹsẹ̀ ire nìyẹn.

Ṣọ́ra fún ominous náà o. Omen, ìyẹn àmì ohun tó ń bọ̀, lè dáa, ó lè burú, àmọ́ ominous, ibi nìkan ló mọ̀.