Ẹ Bi Wá: Àfòpiná Tó Gbé Agbárí Sẹ́yìn

ÌBÉÈRÈ: Okun o, ẹ̀yin ará ilé ìwé ìròyìn wa. Àbúrò mi tó wà ní Jámánì ló fi fọ́tò àfòpiná kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ńlá gbàǹgbà, àwòrán agbárí èèyàn wà lẹ́yìn ẹ̀ kedere, ó ní ẹ̀gbẹ́ oko pòtétò kan lòun ti rí i. Ó yà mí lẹ́nu torí a ti rí irú ẹ̀ rí nídìí gílóòbù ilé wa ní Kàbbà níbí, màmá wa ò tiẹ̀ jẹ́ ká fọwọ́ kàn án, wọ́n ní ó máa ń ké, pé kì í ṣojú lásán. Ṣé ọ̀kan náà ni? Níbo gan-an nilé ẹ̀?
Ìyá Ṣẹ́gun, Kàbbà

ÌDÁHÙN: Okun o, Ìyá Ṣẹ́gun. Ọ̀kan náà ni, Acherontia atropos làwọn onímọ̀ ń pè é. Kó lè dá yín lójú, ẹ ní kí àbúrò yín wo ìyẹ́ tó fara pamọ́ sábẹ́ tòkè, tó bá jẹ́ yẹ́lò tí ìlà dúdú méjì gba orí ẹ̀ kọjá, tí ikùn náà jẹ́ yẹ́lò tòun tìlà dúdú, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò sí òmíràn ní Yúróòpù tó ní agbárí yẹn, àwọn ẹbí ẹ̀ méjì tó kù, Éṣíà ni wọ́n wà.

Ilé ẹ̀ gan-an, ọ̀dọ̀ tiwa ni o, Áfíríkà níbí, àti gúúsù Yúróòpù níbi tí òtútù ò ti mú jù. Àlejò ló jẹ́ ní Jámánì, tí ooru bá dé á fò gba òkè Alps lọ, á yé ẹyin sórí ewé pòtétò, torí pòtétò, tòmátì, ìgbá, tábà, ẹbí kan náà ni gbogbo wọn, ewé wọn lọmọ ẹ̀ sì ń jẹ. Ọmọ ọ̀hún gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ó ní ìwo kékeré kan nídìí. Lọ́dún 2022 àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí kan jáde, wọ́n lẹ rédíò bíńtín mọ́ 14 nínú wọn lára ní Jámánì, wọ́n wá fi báàlù kékeré tẹ̀lé wọn lóru bí wọ́n ṣe ń padà sí gúúsù, wọ́n bá a lọ tó nǹkan bíi kìlómítà 80. Kòkòrò lásán-làsàn o!

Màmá ò purọ́, ó ń ké lóòótọ́, bí eku ló ń dún. Afẹ́fẹ́ ló ń fà sínú tó sì ń tì jáde lẹ́nu tó fi ń mu oyin. Ilé oyin ló máa ń wọ̀ lóru lọ jalè, òórùn ara ẹ̀ sì jọ tàwọn oyin, ni wọn ò fi tètè ta á. Àwọn òyìnbó àtijọ́ náà bẹ̀rù ẹ̀, wọ́n ní tó bá ti wọlé, òkú fẹ́ kú nìyẹn. Àmọ́ kì í ta èèyàn, kì í sì í géèyàn jẹ. Tẹ́ ẹ bá gbin ìgbá sẹ́yìnkùlé, ẹ máa yẹ ewé ẹ̀ wò, tẹ́ ẹ bá rí ọmọ ẹ̀ ẹ fọwọ́ mú un kúrò, ẹ má wulẹ̀ náwó àpakòkòrò.